Ọmọ Tó Nawọ́ Sókè Níwájú Alábẹ̀wò

Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan ní Àjàṣẹ́, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ilé-ẹ̀kọ́, ni dírẹ́tọ̀ wa, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, sọ fún mi pé alábẹ̀wò ń bọ̀ wá wo bí mo ṣe ń kọ́ni. Ẹ̀kọ́ ìwà ló ní òun fẹ́ gbọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi pọ̀, Faransé sì ṣòro lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tó ku ọ̀la, mo kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ náà látòkè délẹ̀: mo bi wọ́n ní ìbéèrè, mo fi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu, mo tiẹ̀ yan àwọn tí yóò dáhùn. Mo wá nu pátákó mọ́ tónítóní. Àkọlé ẹ̀kọ́ ọ̀hún ni "A kì í purọ́." Kò sì kọ mí lóminú rárá.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀kọ́ ń lọ geere. Alábẹ̀wò jókòó sẹ́yìn, ó ń kọ̀wé, ó ń mirí. Nígbà tí mo parí, ó dìde tẹ̀ríntẹ̀rín, ó kọjú sí àwọn ọmọ.

"Ẹ mà gbọ́n o! Ṣé òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ?"

Gbogbo wọn ń wojú mi. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé, tí a kì í sábà gbóhùn rẹ̀, nawọ́ sókè, ó dìde.

"Rárá, Mùsíyé. Lánàá ni Màdáàmù kọ́ wa."

Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Alábẹ̀wò wò mí, ó kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé rẹ̀, ó lọ. Bó ṣe jáde ni àwọn ọmọ yòókù bo ọmọ náà pé ó ba ti gbogbo wa jẹ́. Èmi náà ò gbèjà rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, ìyá àgbà rẹ̀ fà á lọ́wọ́ wá. Ojú ọmọ náà ti wú.

"Tíṣà, ẹ forí jì í. Wọ́n ní ó dójú tì yín níwájú ọ̀gá yín. Mo ti bá a wí."

Mo kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ má bá a wí mọ́. Ohun tí mo kọ́ ọ ló ṣe. Èmi gan-an ni mi ò ṣe é."

Màmá fa ọmọ náà sún mọ́ mi. "Ẹ tún un sọ, kó gbọ́ dáadáa."

Mo tún un sọ. Lẹ́yìn náà mo mú ọmọ náà wọ kíláàsì, mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, ní Gùn àti ní Nàgó, èdè ilé wọn méjèèjì, kí ó má bàa sí ẹni tí kò gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, "Màdáàmù, ṣé wọ́n á lé yín?"

Wọn ò lé mi. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, alábẹ̀wò padà wá láìsọ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ṣi Faransé sọ, wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu, èmi náà gbàgbé ìbéèrè kan. Ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ tó mọ̀wé ju ọmọbìnrin náà lọ láti ìgbà náà. Mi ò tíì rí èyí tí mo bọ̀wọ̀ fún bíi tirẹ̀.