Ẹran Tí Sàúdátù Kọ̀

Sàúdátù kò mọ ìyá tó bí i. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyẹn kú, Ìyá Mùíz, orogún ìyá rẹ̀, ló gbà á tọ́ ní ilé wọn ní Mushin. Bí ẹran bá ku ẹyọ kan nínú ìkòkò, Sàúdátù ni Ìyá Mùíz ń fún. Mùíz ọmọ rẹ̀ a máa ké, a ké tì.

Ní Iléyá 1988, Sàúdátù ló bọ́ àgbò wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ ọdún, àgbò ò dá àwọn ọkùnrin lóhùn, wọ́n fà á tì. Ni wọ́n bá pe Sàúdátù. Ó kàn rìn lọ síwájú, àgbò sì tẹ̀lé e dé ibi ọ̀bẹ. Látọjọ́ náà, kò jẹ ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà mọ́. Lẹ́yìn ọdún náà, ó kó lọ sí Yábà, ó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan, nítorí náà ilé ò tètè mọ̀.

Iléyá ọdún kejì ni Ìyá Mùíz bu ẹran tirẹ̀ fún un lójú àwọn obìnrin ilé. Sàúdátù kúnlẹ̀.

"Màámi, ẹ má bínú, mi ò jẹ ẹran mọ́."

"Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá, mà."

"Àbí èèwọ̀ ni?"

"Rárá o. Àánú wọn ló ń ṣe mí. Ẹ̀yin ẹ máa jẹ tiyín, mà, mi ò bá ẹnikẹ́ni wí."

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Sàúdátù sọ rere títí, obì kankan ò yọ. Lásìkò SAP, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, tí ẹlòmíì ń fi ẹnu gbígbẹ wá ẹran kiri, ta ló máa gbà pé àánú ni? Bí kì í bá ṣe dókítà, tí kì í ṣe èèwọ̀, ó ku májèlé. Ta ni kò mọ ìtàn orogún ìyá?

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ayọ̀kànmí, ará yàrá òdìkejì, gba abọ́ ẹran tí Ìyá Mùíz fún Ayọ̀kànmí lọ́wọ́ ọmọ náà, ó sì dà á nù. Ìyá Mùíz rí i.

Ó wá bá Sàúdátù ní Yábà. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ogún ọdún ni mo fi fún ẹ lóúnjẹ. Wọ́n ti ń pè mí ní apànìyàn. Ṣáà wá jẹ ẹyọ kan lójú wọn."

Sàúdátù gbà.

Lọ́jọ́ Sunday, gbogbo ilé jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ bí ẹni pé wọn ò mọ nǹkan kan. Sàúdátù mú ẹran. Ó fi sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́, omijé ń dà wọnú abọ́. Kò lè dá a dúró.

"Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ jàre," ni Ìyá Ayọ̀kànmí wí. "Ẹ ò rí i pé ẹ̀rù ikú ló ń bà á?"

Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Ìyá Mùíz wo omijé yẹn títí, ó wá rọra gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sàúdátù," ló wí, "ṣé lóòótọ́ ni ìwọ náà rò pé mo lè pa ẹ́?"

Sàúdátù mi orí pé rárá, ó tún mi orí. Ẹran náà kò tíì lọ lọ́fun rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ìyá Mùíz ti yíjú sẹ́yìn, kò rí i.