Iwin Tó Kúnlẹ̀

Òórùn káfúrà kò tíì kúrò nímú mi títí dòní. Bí mo bá ṣí àpótí aṣọ tó sì ta sí mi nímú, ojú á ti kọ́kọ́ tì mí ná, kí n tó rántí ohun tó ń tì mí lójú. Inú ìbòjú funfun kan ni mo ti gbóòórùn yẹn ní Manchester, ìbòjú ìyàwó ayé àtijọ́ tí wọ́n fi bò mí láti orí dé àyà, tí wọ́n ní kí n máa rìn bí òkú. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà.

Láàárín àwọn ọdún 2000 ni. Moss Side, àdúgbò kan ní Manchester, ni èmi àti ọmọ mi obìnrin ń gbé, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé tó fara ti ara wọn lẹ́yìn Princess Road. Ọkọ mi ṣì wà ní Abẹ́òkúta, ó ń dúró de físà. Èmi ni olórí ẹgbẹ́ aládùúrà ní ìjọ wa, ẹnu mi sì mú bí abẹ. Bí oṣù kẹwàá bá ti ń lọ sópin, tí ewé ń wọ́, tí ilẹ̀ ń tètè ṣú, tí àwọn ará àdúgbò ń gbé elégédé tí wọ́n gbẹ́ ojú àti eyín sí lára sí ẹnu ọ̀nà wọn, àsìkò tèmi dé nìyẹn. Màá gba máíkì ní ìjọ, màá ní ẹni tó bá fún àwọn ọmọ tó ń múra bí iwin kiri ojúlé nítorí Halloween ní súìtì ti bá òkùnkùn dá májẹ̀mú. Mo tiẹ̀ lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn ilé mi: "Ẹ̀jẹ̀ Jésù wà níbí, ẹ kọjá." Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ o! Bí mo ṣe fẹ́ kí àwọn ọmọ òyìnbó kà á, Ọlọ́run nìkan ló yé.

Ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ́dún náà. Tíṣà wọn ní kí gbogbo kíláàsì múra wá sí páátì Halloween lọ́jọ́ tí wọ́n máa gba ọlidé. Ọmọ yìí wá bá mi ní kíṣìnnì, ó ń fi ẹsẹ̀ kan họ ìkejì, ó ní òun fẹ́ múra bí elégédé. Kò sọ pé àjẹ́, kò sọ pé egungun òkú. Elégédé. Ó ní, "Mummy, but ẹ máa ń sè é, a máa ń jẹ ẹ́." Òótọ́ ló sọ. Èmi wá kọjú sí i, mo ní, "Nínú ilé èmi? Ọmọ aládùúrà? Ẹnu rẹ lo fi sọ ìyẹn?" Nígbà tí ọjọ́ páátì pé, mo fóònù ilé ìwé pé ibà ń ṣe é. Ó jókòó ti fèrèsé títí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi ń ti páátì bọ̀, tí wọ́n ń kọjá lọ nínú aṣọ oríṣiríṣi. Kò sunkún. Ká ní ó sunkún ni, ǹ bá mọ bí mo ṣe máa rẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ kíliinà ni mò ń ṣe, ní ilé ńlá àtijọ́ kan lẹ́yìn Bolton, ilé àwọn ọlọ́lá ayé ọjọ́un tí wọ́n ti sọ di ibi ìgbafẹ́, tí èrò ń sanwó wọ̀ wò. Ohun tí mo sọ ní ìjọ kò ju pé mò ń ṣe kíliinin lápá Bolton lọ, kò sì sẹ́ni tó béèrè jù bẹ́ẹ̀. Bí ìgbà ìwọ́wé bá ti dé, wọ́n á máa mú àwọn èèyàn yí ilé náà ká nírọ̀lẹ́, wọ́n á máa sọ ìtàn ìyàwó kan tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀la tó fi kú, wọ́n ní ó ṣì ń rìn kiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Èmi tí mò ń nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà láràárọ̀ kò rí ìyàwó kankan níbẹ̀. Eruku ni mo rí.

Nígbà ọlidé yẹn, ọmọbìnrin tó máa ń múra bí iwin náà fi ẹsẹ̀ rọ́. Máníjà wò mí bí mo ṣe ń gbé mọ́ọ̀pù sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ní kò sẹ́ni tó mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn nínú òkùnkùn bíi tèmi, àti pé ìrìn mi tún ní ẹ̀yẹ. Mo sọ fún ara mi pé iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́. Irọ́ ni mo pa fún ara mi. Inú mi ló dùn! Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú òyìnbó, kò sẹ́ni tó tíì yìn mí ju pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ lọ. Wọ́n wọ gáùn fún mi, wọ́n fi ìbọ̀wọ́ funfun sí mi lọ́wọ́, wọ́n fi ìbòjú tó ń rùn fún káfúrà bo ojú mi kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé ará Abẹ́òkúta ni ìyàwó náà. Máníjà ní iwin kì í sọ̀rọ̀, iwin kì í wo èèyàn, iwin kì í tẹríba. Kí n kàn gbé àbẹ́là oníbátìrì dání, kí n jáde ní yàrá kan, kí n wọ èkejì lọ.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo jáde, ariwo tí àwọn òyìnbó pa, háà, ó dùn mọ́ mi! Mo tilẹ̀ fi ẹ̀yẹ díẹ̀ kún ìrìn mi. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo wà ní ìjọ, mò ń lé ẹ̀mí òkú jáde kúrò ní Manchester pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ní Sátidé, mo padà lọ di ẹ̀mí òkú. Amòòkùn ṣolè, bọ́ba ayé ò rí i, tọ̀run ń wò ó. Mo mọ òwe náà, mo tilẹ̀ ti fi wàásù rí.

Àgbà obìnrin kan wà ní ìjọ tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìjọ. Bí wọ́n bá ń bọ̀, ikọ́ wọn la máa ń kọ́kọ́ gbọ́, ikọ́ kékeré kan tó dà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo fi ọmọ mi sí ní Sátidé yẹn, torí ọmọ ọmọ wọn kan wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wọn, tí àwọn ọmọ méjèèjì sì jọ máa ń ṣeré. Mo ní wọ́n fi iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kún tèmi. Ìyá Ìjọ ní kí n fọkàn balẹ̀, ọkọ ọmọ àwọn máa fi mọ́tò gbé wọn jáde lọ síbì kan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àbẹ́là mi. Èrò ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbogbo wọn dákẹ́ lọ́lọ́. Mo rìn dé àárín, ni mo bá gbọ́ ikọ́ náà. Mo gbójú sókè, ohun tí wọ́n ní iwin kì í ṣe. Ìyá Ìjọ ló dúró níwájú mi gan-an, nínú kóòtù òtútù àti gèlè. Ká ní mo ń bá ìrìn mi lọ ni, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti nà nítorí ìkíni kò lè fi àgbà sílẹ̀ kọjá. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀, ẹnu mi sì ti là: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

Ìyá Ìjọ náà, kí wọ́n tó ronú, ti dáhùn: "Oo, ọmọ mi, kú iṣẹ́." Ìgbà náà ni wọ́n tó wá lọgun, "Jésù!" Àwọn òyìnbó pariwo ju ti ìgbàkígbà lọ, torí wọn kò tíì rí iwin tó kúnlẹ̀ rí. Láti ẹ̀yìn kóòtù Ìyá Ìjọ ni ohùn kékeré kan ti jáde: "That's my mum!"

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Èmi tí mo ti kú tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Níbo ni mo tún fẹ́ sá lọ?

Mo wọ mọ́tò wọn padà sílé, èmi àti àwọn ọmọ méjèèjì lẹ́yìn, Ìyá Ìjọ níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ ọmọ wọn. Ìyá Ìjọ ní ilé àtijọ́ ni wọ́n pe ibẹ̀ fún àwọn, àwọn kò mọ̀ pé ó ní olùgbé. Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ń wò mí, ó ń wò mí. Àtíkè tí wọ́n fi kùn mí kí n lè funfun bí iwin ṣì wà lọ́rùn mi. Nígbà tó yá, ó béèrè, kò sì fi ìbínú béèrè rẹ̀, ó fẹ́ mọ̀ ni: "Mummy, so elégédé ni ẹ̀ṣẹ̀, iwin kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ nu àtíkè ọrùn mi. Ìyá Ìjọ wúkọ́.

Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi jáde láyé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo gba máíkì, mo ní, "Ẹ̀yin òbí tí ẹ̀ ń..." Ikọ́ dún láti ìlà iwájú. Kíá ni mo yí àdúrà náà sórí físà.

Nígbà tí ìwọ́wé tún padà dé, tí ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́sàn-án, mo ra àǹkárá aláwọ̀ ọsàn, mo fi ìrọ̀lẹ́ púpọ̀ rán aṣọ elégédé, mo fi fóòmù sí i nínú kó lè rí roboto, mo fi aṣọ aláwọ̀ ewé ṣe igi orí elégédé náà sára fìlà. Mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi kó tó ti ilé ìwé dé. Ó wò ó, ó fọwọ́ pa á. Ó wá kúnlẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ, ó ní, "Ẹ ṣé, mà. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà jù ú lọ." Ó ká a dáadáa, ó gbé e fún mi.

Ọmọ náà ti di obìnrin báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ ní Rochdale, ilé tirẹ̀ ló sì ń gbé. A kì í ṣe ọ̀tá. Bí oṣù kẹwàá bá dé, ó máa ń fóònù láti bi mí bóyá iwin ti dìde, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nígbà tí mo bá wo ẹ̀yìn, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bolton ni mo máa ń rí, ọmọ tó jókòó ti fèrèsé ni. Aṣọ elégédé náà ṣì wà nínú àpótí mi pẹ̀lú káfúrà. Láìpẹ́ yìí ni mo yọ ọ́, mo tẹ́ ẹ sórí itan mi, mo sì rí i pé kì bá tiẹ̀ ti bá a mu lọ́dún tí mo rán an. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mo gé e fún.