Ẹyẹ Mi Apárí

Ọmọ mi ọkùnrin ló wá gbé mi ní Ìfọ̀ lẹ́yìn tí mo ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní kí n wá sinmi lọ́dọ̀ òun ní Arepo. Ìsinmi wo! Ìdájí ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń sáré lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó. Wọ́n á ti géètì pa nítorí olè, kọ́kọ́rọ́ á sì bá wọn lọ. Bí mo bá ní mo fẹ́ padà sílé, wọ́n á ní, "Mọ́mì, ẹsẹ̀ yín ò tíì le." Ẹsẹ̀ mi le o! Mo ti rìn yí ilé yẹn ká títí ó fi sú mi.

Ẹyẹ ni mo fi ń pa ìrònú rẹ́. Mo máa ń da ìyókù ìrẹsì sínú ọmọrí ìkòkò lẹ́yìn ilé, àwọn ẹ̀gà á sì ya bò ó pẹ̀lú ariwo wọn. Ọ̀kan ṣàjèjì nínú wọn. Orí rẹ̀ pá kodoro, ọrùn rẹ̀ sì rí bíi ti adìyẹ tí wọ́n ti tu ìyẹ́ rẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Apárí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ń bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo ní, "Inú ń bí àwọn ẹyẹ mi. Mi ò fún wọn lóúnjẹ lánàá." Mi ò mọ̀ pé ìyàwó ọmọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Àfi "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" tí mo gbọ́.

Ẹ gbà mí! Ìyá àgbà ní òun ní ẹyẹ, ó tún ní ebi ń pa wọ́n. Kí ni wọ́n tún fẹ́ gbọ́? Mo gbọ́ ọ nínú yàrá tó ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Ẹ gbé màmá yín padà sí Ìfọ̀ lọ́la. Mo lóyún o!"

Ìfọ̀! Inú mi dùn débi pé mo dìde dúró. Kí n ṣáà ti panu mọ́ ló kù.

Ọmọ mi wọlé, kò lè wo ojú mi. "Mọ́mì, ẹyẹ wo lẹ ní?" Omi ti lé ròrò lójú rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, màá délé lọ́la, àmọ́ àjẹ́ ni ìyá rẹ̀ máa jẹ́ lọ́kàn rẹ̀ títí màá fi kú.

Mo fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé, mo da ìrẹsì sílẹ̀. Apárí ló kọ́kọ́ bà. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó ti tẹ̀ lé wa kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ mí. "Mọ́mì, ẹ má bínú. Ẹ ò lọ síbì kankan mọ́."

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo gbọ́ tí wọ́n ti géètì pa, kọ́kọ́rọ́ sì tún bá wọn lọ. Wọ́n ti ra odindi àpò ìrẹsì wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ẹyẹ mi. Mo wo bí àpò náà ṣe tóbi tó, mo sì bú sẹ́kún.