Àlàfo Láàrin Orin Méjì

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó tún wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, ń wá nídìí orin rọ́ọ̀kì, n kì í dáhùn. Ojú ni mo máa ń fi wo onítọ̀hún títí á fi kúrò níwájú mi. Ọkọ mi bi mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti yé e. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí mo sì gbé oúnjẹ fún un, mo di inú kẹ̀kẹ́ nìyẹn, ó di ilé Tíṣà ní àdúgbò Lokongoma, ní Lọ́kọ́jà níbí.

Àwa mẹ́ta là ń pàdé níbẹ̀. Tíṣà ló ni ilé. Ọmọ Ìjùmú ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Àbújá, àwo orin àtijọ́ ló kù tó ń bá a gbélé. Ẹnì kejì ni Alájì, tó ń ta páànù àti ìṣó ní Natako. Ará Ìlọrin ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ ni ìyá rẹ̀, Natako náà ni wọ́n sì bí i sí. Èmi ni ẹnì kẹta, òṣìṣẹ́ ìjọba, ọmọ Yàgbà tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Iṣẹ́ tí à ń ṣe níbẹ̀ kò ju àríyànjiyàn lọ. A ó gbọ́ àwo kan láti orí dé ìdí, a ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Alájì gbà pé orin tí kò bá mi páànù ilé jìgìjìgì kì í ṣe orin. Tíṣà ní ariwo kò ní adùn kankan àfi bí ìdákẹ́jẹ́ bá tẹ̀ lé e. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ mọ adùn omi tútù, kó kọ́kọ́ rìn nínú oòrùn Lọ́kọ́jà. Ẹ̀yìn ẹni tó bá ń pàdánù ni èmi máa ń gbè sí, kí ìjà má baà tètè parí.

Àwo kan wà tí a kò rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yanjú. Àwọn òyìnbó onírun gígùn kan ló kọ ọ́, kí èmi tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Orin kẹta níbẹ̀, ariwo pọ́ńbélé ni, gìtá ń ké bí ìgbà tí ìjì ń ṣí òrùlé. Orin náà á já lójijì. Lẹ́yìn náà ni orin kẹrin á wọlé, gìtá kan ṣoṣo, àti ọkùnrin kan tó ń kọrin bí ẹni tó ń rẹ ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Tíṣà ní àlàfo tó wà láàrin orin méjèèjì gan-an ni olórí iṣẹ́ inú àwo náà. Mo ní irọ́ ni, nítorí lórí fóònù mi kò sí àlàfo kankan, ọ̀kan wọ inú èkejì ni. Àwo ti Tíṣà sì ti fọ́ tipẹ́, kò rí ẹ̀rí mú wá. Alájì ló wá sọ pé òun ní kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Inú àpótí àbúrò ìyá rẹ̀ kan, ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ló ti rí i. Ọkùnrin yẹn ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, òun ló kó orin rọ́ọ̀kì wọ ilé wọn ní Natako. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí kò bá ní wáyà tí wọ́n fi ń so rédíò pọ̀, rédíò méjì ni yóò kọjú wọn síra, kí ọ̀kan máa kọrin, kí èkejì máa gbà á sílẹ̀. Ohun tó bá sì dún nínú ilé lásìkò náà á bá orin wọlé.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà tí a ki kásẹ́ẹ̀tì náà bọ inú rédíò Tíṣà. Orin kẹta já, ewúrẹ́ kan ké, odó kan ń dún lọ́ọ̀ọ́kán, orin kẹrin sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín pa èmi àti Tíṣà débi pé omi bọ́ lójú wa. Mo ní ewúrẹ́ yẹn mọ àsìkò ju onílù wọn lọ. Alájì kò rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ẹ dá a padà sẹ́yìn," ó ní. Tíṣà dá a padà. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Ewúrẹ́ yẹn ni?" ni mo bi í.

"Obìnrin tó ń pè."

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó gbọ́ ọ. Ó jìnnà, bí ẹni tó wà lẹ́yìnkùlé. Obìnrin kan ń pe orúkọ kan. N kò ní í kọ orúkọ náà síbí. Alájì ní òun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní kékeré, kò sì sí ẹni tó tún ń pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́ àfi ẹ̀gbọ́n òun obìnrin. Ìyá rẹ̀ kú kó tó wọ ilé ìwé. Wọn kò ya fọ́tò rí. "Ohùn wọn ni mo kọ́kọ́ gbàgbé," ó ní.

Mo bá làdí ọ̀rọ̀. Mo ní kí ló wá yani lẹ́nu? Ìyá ń pe ọmọ rẹ̀ nínú ilé, àbúrò rẹ̀ ń gba orin sílẹ̀, ohùn bá orin wọlé. Inú mi dùn sí làákàyè mi lọ́jọ́ náà. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, ìtàn aládùn ni ǹ bá máa sọ yìí.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ohùn náà ti sún mọ́ tòsí, ó ti dé ẹ̀gbẹ́ ilé. Mo ní etí wa ló ti mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí a tún pàdé, mo gbọ́ sálúbàtà tó ń wọ́lẹ̀ bọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni, ó sì ń gbó sí i bí a ti ń lò ó. Ìlù inú orin kẹta ti ń dún bí ẹni ń lu ìrọ̀rí, ṣùgbọ́n ńṣe ni ohùn obìnrin yẹn ń mọ́ sí i. Tíṣà ló kọ́kọ́ sọ èyí tó kù.

"Àlàfo yìí ti ń gùn jù," ó ní. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Tíṣà tó fẹ́ràn àlàfo náà ju orin lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù ju ohùn náà gan-an lọ.

Kò sí ọmọ ilẹ̀ wa tí wọn kò kìlọ̀ fún. Bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ, tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, o kò gbọdọ̀ jẹ́. Etí ni ìyá mi máa ń fà fún wa nítorí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kò gbà á lọ́wọ́ mi, mọ́ṣáláṣí kò sì gbà á lọ́wọ́ Alájì. Bí orin kẹta bá ti fẹ́ parí, Alájì á fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, kò sì ní í mú un kúrò títí orin kẹrin á fi wọlé. Òógùn á máa ṣàn lára rẹ̀ lábẹ́ fáànù.

Tíṣà ní kí a jáwọ́ níbẹ̀. Alájì ní ó dáa. Ṣùgbọ́n láàrin ọ̀sẹ̀, ó gba Karaworo lọ, ó lọ bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin léèrè bí ohùn ìyá wọn ṣe rí. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ Àìkú, kò tilẹ̀ kí wa dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní ohùn wọn tẹ́ẹ́rẹ́," ó ní. "Ó ní bí wọ́n bá pe ọmọ, wọn kì í dákẹ́ títí ọmọ á fi jẹ́. Bí wọ́n tilẹ̀ ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán, àfi kó jẹ́." Ó yíjú sí mi. "Mádàámú, láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń pè mí?"

Tíṣà ló sọ̀rọ̀.

"Alájì, ẹ níyàwó, ẹ lọ́mọ. Ẹ má dáhùn o. Mo bẹ̀ yín."

"Mo gbọ́, sà. Ẹ bá mi fi sí i."

Ó yẹ kí a kọ̀. A kò kọ̀. Orin kẹta pariwo tirẹ̀, ó já. Ewúrẹ́ ké. Odó dún. Sálúbàtà wọ́lẹ̀ bọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì bá ara mi tí mò ń wo ẹnu ọ̀nà Tíṣà. Kọ́tìnnì kò mì. Ohùn náà pè é. Kò le, ó kàn dún bí ti ìyá tó ti rẹ̀ díẹ̀. Mo wo Alájì. Orí itan ni ọwọ́ rẹ̀ wà.

"Màmá," ó ní, "èmi rèé."

Kì í ṣe ohùn tó fi ń ta páànù. Ohùn ọmọdé ni.

Orin kẹrin kò wọlé. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí, kò sí nǹkan tó ń dún. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan mí kanlẹ̀ nínú rédíò náà. Sálúbàtà yí padà, ó ń wọ́lẹ̀ lọ títí a kò fi gbọ́ ọ mọ́. Gìtá wá bẹ̀rẹ̀.

Tíṣà dá a padà sẹ́yìn. Ewúrẹ́ wà níbẹ̀. Odó wà níbẹ̀. Àlàfo ti padà sí kékeré. Ẹnikẹ́ni kò pè. Ó tún dá a padà, ọ̀kan náà ni. Mo sunkún, n kò ní í purọ́. Ọkùnrin tí kò ní fọ́tò ìyá rẹ̀, ohùn kan ṣoṣo tó ní ló lọ yẹn. Mo bi í bóyá ó dùn ún.

"Wọ́n ti rí mi," ó ní. Ó dé fìlà rẹ̀, ó sì lọ sílé.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Nǹkan kan kò ṣe Alájì. Ó ń ta páànù rẹ̀, ó ń wá, ó ń jiyàn bíi ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́ kó tó dé. Tíṣà á wò mí, èmi náà á wò ó, n ó sì gbé fóònù. Bí kò bá gbé e, n ó tún pè. Tíṣà á ní kí n fara balẹ̀, bóyá ó ń kírun lọ́wọ́. N kì í gbọ́. Ńṣe ni mo máa ń pè é ṣáá, títí yóò fi jẹ́ mi.