Mo Wà Nílé Lọ́sàn-án Sátidé

Mo yá ìwé kan ní láíbìrì Woolwich, mi ò sì lè gbé e sílẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ ojú irin tiẹ̀ gbé mi kọjá ibi tó yẹ kí n ti bọ́ sílẹ̀. Ìtàn obìnrin òyìnbó ọlọ́lá kan ni, láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi ẹṣin fa kẹ̀kẹ́ láàárín Lọ́ńdọ̀nù. Òǹkọ̀wé ni. Láàárọ̀ á jókòó kọ̀wé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, á ṣílé sílẹ̀ fáwọn òṣèlú, akéwì àti ayàwòrán. Wọ́n á mu tíì, wọ́n á jiyàn, wọ́n á ka ohun tí wọ́n kọ síra wọn létí. Káàdì kékeré ló fi ń pè wọ́n, pé òun wà nílé.

Èmi náà ń kọ̀wé. Iṣẹ́ kíà, ìtọ́jú àwọn arúgbó, ni mò ń ṣe, ọkọ mi nìkan ló sì mọ̀ pé mò ń kọ ìtàn ìgbà èwe mi n'Íjẹ̀bú.

Mo ní, "Daddy, mo fẹ́ gbàlejò bí obìnrin yẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Nínú flat wa ní Connaught yìí? Ta lo fẹ́ pè?"

"Gbogbo ará àjà ilé tá à ń gbé yìí."

Ọdún mẹ́fà la ti ń gbébẹ̀, "hello" nìkan la mọ̀ síra wa. Mo gé káàdì, mo tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn mẹ́fà: mo wà nílé lọ́sàn-án Sátidé, ẹni tó bá kọ nǹkan, kó mú un dání.

Mo din mọ́sà, mo wé híjáàbù tuntun. Aago mẹ́ta lù. Mo kírun Alásàrí, kò sẹ́nì kankan. Àfi bí agogo ilẹ̀kùn ṣe dún! Bàbá òyìnbó tó ń gbé ìkángun ni, ó de táì.

"Ṣé mi ò ti pẹ́ jù?"

Auntie ará Ìbàdàn tó ń wa bọ́ọ̀sì wọlé tẹ̀ lé e. Bàbá ka lẹ́tà tó kọ sí ìyàwó rẹ̀ tó ti kú. Ìgbà tó kàn mí, mo ṣí ìwé mi. Mo ka ìtàn ewúrẹ́ tó jẹ gèlè ìyá mi ku ìdajì.

Auntie pariwo, "Háà! Ẹ tún ibẹ̀ kà!"

Bàbá ò gbọ́ Yorùbá, ó ń fa Auntie láṣọ pé kó sọ fóun ní Gẹ̀ẹ́sì. Bó ṣe gbọ́ ọ, ẹ̀rín pa á títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọkọ mi ń fọ ife, èmi ń jó ní kíṣìnnì. Mi ò kọ̀wé tó ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e rí láyé mi.