Wàláà Tí Mo Kọ̀ Láti Kà

Lánàá, mo ń ja ẹ̀fọ́ ní Alápẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ilé-kéwú ẹ̀yìnkùlé wa gbóhùn sókè, wọ́n ń pe Lárúbáwá pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀: "Mín, láti! Fí, nínú! Àlá, lórí!" Aládùúgbò mi kan pòṣé, ó ní ariwo yẹn ló ń da orí àwọn ọmọ rú ní súkúù. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ẹ̀fọ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Kétu, òwúrọ̀ ni ti ìwé òyìnbó, ìrọ̀lẹ́ ni ti kéwú. Màámi ń ta tòmátì ní Máìlì Twelve, bàámi jẹ́ káfíńtà. Àfáà wa, bàbá arúgbó tó fẹ́ràn obì ju oúnjẹ lọ, a máa fi yíǹkì tàdáwà kọ ẹ̀kọ́ sára pátákó wa, wàláà. O ò gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ títí wàá fi kà á fún un láìṣì. Ẹni tó bá sì fẹ́ kúrò ní kéwú, àfi kó ka ti ọwọ́ rẹ̀ tán kó tó dá wàláà padà.

Mo fẹ́ràn ibẹ̀, nítorí èmi ni mò ń ṣíwájú àwọn obìnrin nínú kíkà. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, mo kọ "afraid from the dog" sínú ìwé òyìnbó mi. "Mín" ni Lárúbáwá ń lò fún ohun téèyàn bá ń bẹ̀rù, "from" ni mo sì mọ̀ mọ́ "mín". Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Tíṣà wa ránṣẹ́ pe bàámi.

"Bàbá, kéwú ló ń ba òyìnbó ọmọ yín jẹ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀."

Ẹ̀rù ba bàámi, torí òun fúnra rẹ̀ ò kàwé. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé, a ó lọ dá wàláà padà.

Sátidé pé. Àfáà ní, "Kà á, kóo fọ̀ ọ́, kóo máa bá bàbá ẹ lọ."

Mo mọ̀ ọ́n lórí bí orúkọ mi. Bí mo bá kà á, ó parí nìyẹn. Mo gbá wàláà mọ́ àyà.

"Mi ò kà á, sà."

Bàámi nawọ́ sí ẹgba. Àfáà dá a lẹ́kun: wàláà tí wọn ò tíì kà, òun ò lè gbà á. Bàámi bínú lọ.

Odindi ìgbà òjò, wàláà kan náà ló wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi lọ síwájú, wọ́n ń pè mí ní olórí kunkun. Mo jókòó, mò ń fi Lárúbáwá wé òyìnbó, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo rí i pé bí ìyàwó méjì nílé ọkọ kan ni wọ́n: ohun tó dùn mọ́ ìyáálé lè má dùn mọ́ ìyàwó, kéèyàn sáà mọ ìwà oníkálukú. Nígbà tó yá, tíṣà ò rí ohun tó máa fi bírò pupa fà nínú ìwé mi mọ́, ó sì sọ ọ́ fún bàámi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàámi wá jókòó sétí ẹní wa. "Ó tó. Kà á, kí Àfáà kọ òmíràn fún ẹ."

Mo kà á, mo sì ń sunkún.

Ilé Àfáà ti di ṣọ́ọ̀bù báyìí, inú fóònù ni àwọn ọmọ mìíràn ti ń kọ́ kéwú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ṣì ń sọ pé kọ́mọ ju ọ̀kan nù kó tó lè mọ ìkejì. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì jókòó ti méjèèjì.