Àkíbù Wolé-wolé àti Àmù Ìyá Èjìdé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí olóògbé Àkíbù Wolé-wolé jẹ́, ọjọ́ tó dọ̀bálẹ̀ tọrọ ìyàwó ni kó béèrè. Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn náà ní Bẹyẹrúnkà. Àwọn tí kò tiẹ̀ sí níbẹ̀ ló tún mọ̀ ọ́n rò jù.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni, lọ́dún 1956. Àkíbù kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá láti Àrẹ̀mọ, ó wọ agbádá, ó wá tọrọ Sìdí lọ́wọ́ baba rẹ̀. Bàbá Gàfárù aránṣọ ni baba Sìdí. Iṣẹ́ ọrùn agbádá ni Bàbá ń fi abẹ́rẹ́ kó, orí àga gbọọrọ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló sì ti ń ṣe é, tó jẹ́ pé kò sí ẹni tó lè wọlé tàbí kó jáde kí Bàbá má rí i. Bàbá mọ iṣẹ́ tí Àkíbù ń ṣe. Iṣẹ́ wolé-wolé ni, àwọn tí ìjọba ń rán wọ ilé onílé láti yẹ àmù wò bóyá tanwíjí wà nínú omi, kí tanwíjí má baà di ẹ̀fọn, kí ẹ̀fọn má baà kó ibà ran ọmọ. Wọ́n á wo gọ́tà, wọ́n á wo ṣáláńgá, wọ́n á wo ibi tí ewúrẹ́ ń sùn. Ilé tí kò bá mọ́, wọ́n á kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un. Tí onílé ò bá gbọ́, sámáǹsì ló kàn, ọ̀rọ̀ á di ti kóòtù ní Mápó. Ta ni yóò fi ọmọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn?

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí Àkíbù na gbalaja sílẹ̀ níwájú àna, Bàbá Gàfárù ò sọ fún un pé kó dìde. Ẹni tó sì wá tọrọ ìyàwó kì í dá ara rẹ̀ dìde. Bàbá ń kí àwọn àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó béèrè iṣẹ́ wọn, ó béèrè ọmọ wọn, ó béèrè àlàáfíà ẹnì kan tó ti kú tipẹ́. Sìdí ń yọjú láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi gbọ́ ohùn láti ilẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ìkarahun àgbọn kan wà lábẹ́ àga tí ẹ jókòó lé. Omi wà nínú rẹ̀. Tanwíjí sì wà nínú omi náà."

Bàbá tẹjú mọ́ ẹ̀yìn orí rẹ̀ nílẹ̀.

"Àkíbù, ìyàwó lo wá tọrọ ni, àbí iṣẹ́ lo wá ṣe?"

"Ìyàwó ni, Bàbá. Mo gba lífù lónìí. Ojú mi ni ò gbà á."

Kò sẹ́ni tó lè fa ìkarahun náà yọ níbi tí ọkọ ìyàwó na ara sí, àfi kí Bàbá kọ́kọ́ ní kó dìde. Bí Àkíbù ṣe dìde nìyẹn. Bàbá gba ìkarahun, ó gbé e síbi tí oòrùn wà, ó wò ó pẹ̀lú ojú kan náà tó fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó ní, "Eruku ni."

"Bàbá, eruku tó ń lúwẹ̀ẹ́?"

"Eruku ni mo pè é."

Ọ̀rọ̀ eruku yìí ni wọ́n jọ fà títí Àkíbù fi kú, Bàbá ò sì fìgbà kan gbà pé òun ṣìnà.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀. Ní gbogbo àdúgbò tí Àkíbù ti ṣiṣẹ́, láti Bẹẹrẹ dé Òkè Padre, àwọn èèyàn bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé kò sí wolé-wolé tó mọ̀ ọ́n kí bíi tirẹ̀. Àwọn mìíràn á gbé kùmọ̀ wọlé, wọ́n á fọ́ ìkòkò kí onílé tó jí. Àkíbù á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kí bàbá, á kí ìyá, á kí ìyàwó tuntun, á béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá àgbà. Ìgbà tó bá fi kí wọn tán, àwọn tó fẹ́ gbé àmù pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì á ti gbàgbé. Bó bá sì fẹ́ fún èèyàn ní sámáǹsì, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń fi lé e lọ́wọ́, á tún fi àdúrà lé e pé kí Ọlọ́run mú un lọ sí kóòtù láyọ̀, kó mú un bọ̀ láyọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti ṣe àmín kí wọ́n tó rántí pé àwọn ni wọ́n ń pè lẹ́jọ́.

Ní Òkè Padre, ìyá Aládùúrà kan tó ń jẹ́ Eunice fi ara dí ìkòkò rẹ̀. Ó ní omi àdúrà ni, wòlíì ti gbàdúrà sí i, ọmọ Mùsùlùmí ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àkíbù ò jiyàn. Ó ní kí ìyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu díẹ̀ sínú abọ́ tánganran funfun tó máa ń mú kiri. Ìyá bu ú. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́ abọ́ náà.

"Mà á, omi àdúrà ni lóòótọ́," ni Àkíbù wí. "Ṣé ọmọ ìjọ yín náà ni àwọn tó ń jó nínú rẹ̀ yìí?"

Ìyá Eunice rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló da omi náà nù. Láti ìgbà náà, ó máa ń ránṣẹ́ pe Àkíbù kó wá wo omi náà kí wòlíì tó gbàdúrà sí i.

Ilé àna, tí kò tíì gbà láti fún un ní Sìdí, ló wá le fún un. Àmù ńlá kan wà ní kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Gàfárù, ti ìyá tó bí Bàbá. Ìyá Èjìdé ni wọ́n ń pe ìyá náà. Nígbà tó fẹ́ kú, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Má jẹ́ kí àmù mi gbẹ o." Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń pọn omi kún un ni, ẹnikẹ́ni ò dà á nù rí. Omi àná wà lábẹ́ tòní, ti ìjẹta wà lábẹ́ tàná, ẹ̀fọn sì ti sọ ibẹ̀ di ilé ọmọ. Nígbà òjò, ọmọdé kì í sun oorun àsùngbádùn nínú ilé náà, bí ibà ò bá mú ti iwájú, á mú ti ẹ̀yìn.

Àkíbù dé nínú aṣọ káákì rẹ̀. Ó bọ́ àkẹtẹ̀ ìjọba, ó gbé e fún Sìdí, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá ní kó dìde. Àkíbù gba àkẹtẹ̀, ó dé e.

"Bàbá, nígbà tí n ò dé àkẹtẹ̀ yìí, ọmọ yín ni mí. Ní báyìí tí mo ti dé e, ìjọba ló wá. Ẹ jọ̀wọ́, ìjọba fẹ́ wo àmù."

Bàbá ki òwú bọ abẹ́rẹ́. "Àkíbù, kíkí tí o kí mi lẹ́ẹ̀kan ò wọ̀ mí lára."

Kí ni ọmọ tí a kọ́ fẹ́ ṣe? Ó tún bọ́ àkẹtẹ̀, ó tún dọ̀bálẹ̀. Ó dìde, ó dé e, ó na ọwọ́ sí àmù. Bàbá ní òun gbàgbé láti béèrè baba rẹ̀. Àkẹtẹ̀ tún kúrò lórí. Wọ́n wà lẹ́nu rẹ̀ títí ìrun Àsàrì fi pè, ìjọba ò sì rí àmù wò lọ́jọ́ náà.

Kí Àkíbù tó jáde, Bàbá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un, kò sì sí ẹ̀rín nínú rẹ̀. "Ẹni tó bá da omi ìyá mi nù, kì í ṣe òun ni màá fi Sìdí fún. Mo ti sọ ọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Samuel, ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì, náà ti gbọ́ nípa àmù náà. "Wọ́n ní o ń tọ́jú àmù kan fún àna rẹ. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tí àmù yẹn ò tíì yí padà, fún àna rẹ ní sámáǹsì. Bí o ò bá lè fún un, gbé àkẹtẹ̀ rẹ wá fún mi."

Ọ̀rọ̀ wá di ti adìyẹ tó bà lókùn. Bó bá da omi, ìyàwó lọ. Bí kò bá dà á, iṣẹ́ lọ. Sìdí ò lè jẹun. Ó ránṣẹ́ pè é sí ìsọ̀ aṣọ tó ti ń tajà ní Gbági, ó bi í pé, "Àkíbù, èmi lo fẹ́ ni, àbí àmù?"

"Ìwọ ni mo fẹ́," ni Àkíbù wí. "Ṣùgbọ́n inú ilé tí àmù yẹn wà ni ò ń sùn."

Ọjọ́ náà ni Sìdí mọ̀ pé bí baba òun bá kọ̀, òun ò ní lè fẹ́ ẹlòmíràn mọ́.

Nígbà tí ojú òrun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, Àkíbù wá ní ìrọ̀lẹ́ Alámísì kan. Kò wọ káákì, kò dé àkẹtẹ̀, ó gbé ìkòkò tuntun lé èjìká, ó sì fi aṣọ funfun kọ́ ọrùn. Ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá ní kó dìde.

"Bàbá, ẹ dákun, kí ni Ìyá sọ gan-an?"

"Ó ní àmù òun ò gbọdọ̀ gbẹ."

"Kò ní í gbẹ. Ẹ̀kán omi Ìyá kan ò sì ní í ṣòfò. Ẹ bá mi jókòó tì í, kí ẹ máa ṣọ́ mi."

Bàbá gbé àga rẹ̀ súnmọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ mú olè. Àkíbù na aṣọ funfun sí ẹnu ìkòkò tuntun, ó ń bu omi Ìyá Èjìdé sí i díẹ̀díẹ̀, aṣọ ń sẹ́ ẹ. Nígbà tó bu ú tán, ó kó yanrìn àti kànìnkànìn wọ inú àmù, ó ki orí bọ̀ ọ́, ó ń fọ̀ ọ́ títí èérí gbogbo ọdún wọ̀nyẹn fi ṣí. Ó ṣàn án. Kí inú rẹ̀ tó gbẹ, ó ti ń da omi Ìyá padà sí i. Bàbá ki ọwọ́ bọ inú àmù, ó fọwọ́ pa á káàkiri.

"Ó tutù," ni Bàbá wí pẹ̀lẹ́.

Àkíbù wá tẹ́ aṣọ funfun náà síwájú rẹ̀. Ohun tó wà lórí rẹ̀ ń ta pọ́ún-pọ́ún. Bàbá wò ó, ó gbójú kúrò.

"Eruku yìí pọ̀ o," ló wí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Àkíbù fi padà wá, ìdérí aṣọ ti wà lẹ́nu àmù, aṣọ òkè ni, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ kó iṣẹ́ yí i ká bíi ti ọrùn agbádá ìjòyè. Sìdí wọ inú yàrá lọ sunkún, torí ó mọ̀ pé baba òun kì í fọwọ́ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ohun tí kò gbà láti ọkàn wá. Bàbá ò gbójú sókè.

"Àkíbù, àwọn ará Àrẹ̀mọ tó bá ọ wá níjọ́sí, ìgbà wo ni wọ́n ń padà bọ̀?"

Wọ́n so yìgì kí òjò tó wọlé tán. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Samuel fi wá wo àmù náà, kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ojú ara rẹ̀ lọ. Ilé tó kọjú sí ti Bàbá ni Àkíbù gbà. Yàrá tí kò ní fèrèsé wà lára ohun tí wolé-wolé ń bá èèyàn jà sí, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló lu ògiri tó fi fèrèsé sí i. Sìdí ní gbogbo àdúgbò á máa rí ohun tí òun ń sè. Àkíbù ní kí wọ́n rí i, bóyá ìyẹn á jẹ́ kí wọ́n fọ ìkòkò tiwọn. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Alámísì ló ń sọdá lọ fọ àmù Ìyá Èjìdé. Kì í rán ẹnikẹ́ni. Bó bá sì kí àna tán nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kì í tètè dìde, á kọ́kọ́ wo abẹ́ àga ná. Ìgbà gbogbo ló ń rí nǹkan, ìgbà gbogbo ni Bàbá sì ń pè é ní eruku.

Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ló mú un lọ, lọ́dún 1967, kò tíì darúgbó. Níbi àdúrà fídáù rẹ̀, gbogbo ilé ló ń rò ó, ti àkẹtẹ̀, ti ìyá Eunice, ti ìkarahun àgbọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Sìdí ò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ ti ń korò láti ọjọ́ tí Àkíbù ti kú, àánú tí àwọn èèyàn ń ṣe é sì ti sú u.

Nígbà tí Alámísì pé, tákàbá tí opó ń ṣe ò jẹ́ kó jáde. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí Àkíbù lù, ó ń wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ baba rẹ̀ ní òdìkejì. Ó ń rò ó pé ta ni yóò fọ àmù lónìí. Ó rí Bàbá Gàfárù tó dìde lórí àga. Bàbá ti di arúgbó, ojú ò ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orí àga. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fọwọ́ tilẹ̀, ó sì na gbalaja sílẹ̀ nínú eruku.

Àwọn obìnrin ilé sáré jáde. "Ẹ gbà wá, Bàbá ṣubú."

"N kò ṣubú," ni Bàbá wí láti ilẹ̀. "Ẹ fi mí sílẹ̀. Mo ń wo ibi tí Àkíbù máa ń wò."

Ó na ọwọ́ sábẹ́ àga, ó fa agolo mílíìkì kan jáde, omi òjò wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e dìde. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú agolo náà, yanrìn wà ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó gbé e sí oòrùn, ó sì wò ó pẹ́. Ó wá gbójú sókè sí fèrèsé ọmọ rẹ̀.

"Sìdí," ló wí. "Eruku kọ́. Ó ń lúwẹ̀ẹ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Sìdí kó tó mọ̀, ẹkún sì tẹ̀lé e. Ó rọ mọ́ fèrèsé, ó ń ṣe méjèèjì pọ̀, nígbà tí baba rẹ̀ da agolo náà nù, tó ká ọwọ́ agbádá, tó sì yíjú sí àmù ìyá rẹ̀.